Ayaba Tí Kò Dìde Nídìí Ayò

Ní oṣù yìí, n kò mú ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni n kò mú ti aṣọ rírán wá. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ ìṣúra kan tí ó wà nínú gbogbo ilé, ṣùgbọ́n tí a kì í kà mọ́ ẹrù ilé. Ọpọlọ obìnrin ni ìṣúra náà.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, àwọn ìyàwó ilé a máa wá bi mí bóyá ó ṣì ṣeé ṣe fún wọn láti padà sí ẹnu ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dá ara wọn lóhùn kí èmi tó la ẹnu. Wọn a ní, "Ìgbà tèmi ti kọjá, ó ku ti àwọn ọmọ." Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí kò tíì pé ogójì ọdún. Kí ẹ tó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn obìnrin kan fún yín, tí ó jókòó ti ayò láti ìgbà èwe rẹ̀, tí kò sì dìde nídìí rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ funfun.

Nona Gaprindashvili ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1941 ni a bí i ní ìlú Zugdidi, ní ilẹ̀ Jọ́jíà. Jọ́jíà tí mo wí yìí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ni, tí ó wà láàrin Òkun Dúdú àti àwọn òkè Caucasus, tí ó sì wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì títí di ọdún 1991.

Ayò tí ó ń ta kì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n tiwa, tí ó ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48. Ṣẹ́ẹ̀sì ni. Orí pátákó tí a pín sí ojú 64, funfun àti dúdú, ni a ti ń ta á. Ẹni méjì ni í ta á, olúkúlùkù sì ní ọmọ ayò 16: ọba kan, ayaba kan, àwọn ìjòyè àti ẹlẹ́ṣin, pẹ̀lú ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ká ọba ẹnìkejì mọ́ tí kò fi rí ibi sá sí ni ó borí. A kì í ju dáìsì níbẹ̀ bí ti lúdò, nítorí náà kò sí pé oríire ẹnì kan ju ti ẹnìkejì lọ. Ohun tí o bá rò ni o óò jẹ. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ayaba ni ó lágbára jù lórí pátákó náà. Ọba fúnra rẹ̀ ń rọra rìn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n ayaba lè ti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, fún ọdún gbọọrọ, ọkùnrin ni ó kún ìdí pátákó tí ayaba ti ń ṣe bẹbẹ yìí.

Ní ilẹ̀ Jọ́jíà, wọ́n máa ń sọ nípa àṣà àtijọ́ kan pé bí ọmọbìnrin bá ń lọ sí ilé ọkọ, pátákó ṣẹ́ẹ̀sì a máa wà nínú ẹrù ìyàwó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ ro èyí. Àwa náà ń di ẹrù fún ìyàwó. Ìkòkò ń bẹ níbẹ̀, awo ń bẹ níbẹ̀, aṣọ òkè àti àpótí ń bẹ níbẹ̀. Gbogbo wọn ni ó dára, gbogbo wọn ni ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni a fi sí i nítorí pé a fẹ́ kí ìyàwó náà máa ronú?

Nona bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, láàrin àwọn arákùnrin rẹ̀ tí àwọn náà ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dá, a mú un lọ sí Tbilisi, olú-ìlú Jọ́jíà, sọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Vakhtang Karseladze. Ní ọdún 1962, nígbà tí ó di ẹni ọdún 21, ó dojú kọ Elisaveta Bykova ní Moscow fún adé obìnrin àgbáyé. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ẹni tí ó bá borí nínú ayò kan gba àmì 1. Bí ó bá sì di ọ̀mì, olúkúlùkù gba ìdajì. Ayò 11 ni wọ́n ta. Nona borí nínú 7, mẹ́rin di ọ̀mì, kò sì pàdánù ẹyọ kan. Àmì 9 sí 2 ni ó fi gba adé.

Ọdún 16 ni ó fi dé adé yìí. Alla Kushnir wá dù ú lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọdún 1965, 1969 àti 1972. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àmì kan ṣoṣo, 8½ sí 7½, ni Nona fi yọ. Ní ọdún 1975, Nana Alexandria tí àwọn jọ jẹ́ ọmọ Jọ́jíà tún gbìyànjú, òun náà kò rí i gbà.

Nona kò fi ara rẹ̀ mọ sí àárín àwọn obìnrin nìkan. Ní ìgbà ọ̀tútù ọdún 1963 sí 1964, ó gba ipò kìn-ín-ní ní ìpele àwọn tí ń du àyè sí ìdíje ńlá ti Hastings, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1965, ó bá ọkùnrin 28 ta lẹ́ẹ̀kan náà ní Dorset; òun nìkan ni ó ń lọ láti orí pátákó kan dé òmíràn. Ní ọdún 1977, ó lọ sí Lone Pine ní Kalifọ́níà, láàrin àwọn ọkùnrin tí wọ́n gbóná nínú ayò náà, òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì jọ pín ipò kìn-ín-ní. Nítorí irú iṣẹ́ báyìí ni FIDE, ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, fi fún un ní oyè Grandmaster ní ọdún 1978. Ọ̀gá Àgbà ni n ó máa pe oyè yìí. Òun ni ó ga jù lẹ́yìn adé àgbáyé, Nona sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a fi í jẹ. Kí ẹ lè mọ bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó, títí di ọdún 2024, obìnrin tí ó ní oyè yìí ní gbogbo ayé kò tíì pé 50, nígbà tí ọkùnrin tí ó ní in ti lé ní 1,500.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ìtàn yìí ti kan àwa gan-an nìyí. Ní ọdún 1978 kan náà tí oyè ńlá yìí dé, ní ọdún náà ni adé bọ́. Ní Pitsunda, ní etí Òkun Dúdú, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Maia Chiburdanidze, ọmọ Jọ́jíà bíi tirẹ̀, gba adé náà ní 8½ sí 6½. Ẹni ọdún 17 ni Maia, ẹni ọdún 37 sì ni Nona. A máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lọ́jọ́ náà, àkísà kò ran àgbà lọ́wọ́.

Kí ni ẹ rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ṣe? Ẹni tí ó ti jẹ ọba fún ọdún 16, tí ọmọdé wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ṣé kò ní ká pátákó náà kúrò nílẹ̀? Kò sí ẹni tí ìbá bá a wí. Ó ti lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe lọ́fínńdà kan ní orúkọ rẹ̀, nínú ìgò tí ó rí bí ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Gbọ̀ngàn ṣẹ́ẹ̀sì ńlá ti Tbilisi sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ìbá lè jókòó ti ògo àtijọ́. Ṣùgbọ́n ó padà sídìí ayò.

Ní ọdún 1986, ó bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Sófíẹ́ẹ̀tì lọ sí ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè ní Dubai. Ayò mẹ́wàá ni ó ta, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó sì borí. Ẹni ọdún 45 ni. Ní ọdún 1992, nígbà tí Jọ́jíà ti dá dúró, ó wà lára àwọn mẹ́rin tí ó gba wúrà fún orílẹ̀-èdè wọn ní Manila. Ta ni a tún rí nínú ẹgbẹ́ yẹn? Maia Chiburdanidze, ẹni tí ó gba adé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ jókòó fún ilẹ̀ kan náà. Ní ọdún 1995, ó gba adé àgbáyé ti àwọn obìnrin àgbàlagbà. Ó tún gba á ní ọdún 2009, nígbà tí ó di ẹni ọdún 68. Ní ọdún 2019, ní ẹni ọdún 78, ó tún gba ti àwọn tí ó ti lé ní 65. Ẹ ka ọdún náà dáadáa: láti 1978 tí adé bọ́ sí 2019 jẹ́ ọdún 41. Iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn ìṣubú gùn ju ìjọba rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ogbó rẹ̀ tí n kò lè fò dá. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Netflix gbé sinimá alápá púpọ̀ kan jáde, The Queen's Gambit, ìtàn àròsọ nípa ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní àwọn ọdún 1960. Ní apá tí ó kẹ́yìn, wọ́n dárúkọ Nona, wọ́n sì ní kò bá ọkùnrin ta rí. Nona kò dákẹ́, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ní ẹni ọdún 80, ó pe Netflix lẹ́jọ́ ní Los Angeles. Ó sọ nínú ìwé ẹjọ́ náà pé nígbà tí ó fi máa di 1968, ọdún tí ìtàn náà dé, òun ti bá ọkùnrin 59 ta, ó kéré tán. Adájọ́ kò gbà kí a da ẹjọ́ náà nù, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 sì ni wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Kí ni ó fún un ní ẹnu ọ̀rọ̀? Àkọsílẹ̀ ni. Nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì, ẹni tí ń ta á ní láti máa kọ gbogbo ìrìn ayò náà sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni a óò wá mú wọ ilé láti inú ìtàn yìí? Mẹ́ta péré ni n óò sọ.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin jókòó síbi tí àwọn arákùnrin rẹ̀ ti ń ta ayò. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, bí ayò bá ti dùn tán ni a óò pe ọmọbìnrin pé kí ó wá bu omi, kí ó wá gbálẹ̀. Iṣẹ́ ilé dára, n kò lè sọ pé kò dára, nítorí òun ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ pín in fún tọkùnrin tobìnrin, kí ẹ sì pín ayò náà bákan náà. Ṣẹ́ẹ̀sì kò jìnnà sí wa mọ́. Láti ọdún 2018 ni Túndé Ọ̀nàkọ́yà ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò òtòṣì ní Èkó, tọkùnrin tobìnrin. Òun náà ni ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Bí ẹ kò bá sì rí ti ṣẹ́ẹ̀sì, ọpọ́n ayò tiwa náà ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sùúrù.

Èkejì, ẹ fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín pa mọ́. Ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́, ìwé àjẹmọ́nú, ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìwé rísíìtì ọjà, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kó sínú àpótí kan tí omi àti eku kò lè dé. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò sọ pé ẹ kò ṣe é rí.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, bí ọjà bá wọ́lẹ̀, bí ẹni tí ẹ kọ́ níṣẹ́ bá gba ipò lọ́wọ́ yín, ẹ sunkún bí ẹkún bá ń gbọ̀n yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ká pátákó nílẹ̀. Ẹ wá ààbọ̀ wákàtí lóòjọ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn, fún ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá ọmọ mẹ́ta tí ó jẹ́ ẹni ọdún 37 kò tíì gbó. Ní ọjọ́ orí yẹn ni adé bọ́ lórí Nona, èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú.

Ó di oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí. Kí ilé ó tòrò o.