Kí Ọmọ Pobẹ̀ àti Sakété Mọ Èdè Ìwé Mímọ́, Kí Ó sì Fi Yorùbá Jíṣẹ́ Rẹ̀

Ní ọjọ́ Ìsinmi, láti Ìfọ̀nyìn dé Sakété, láti Sakété dé Pobẹ̀, títí a ó fi kan ilẹ̀ Kétu, èdè Yorùbá, ní onírúurú ẹ̀ka rẹ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ fi ń kọrin, òun ni wọ́n fi ń gbàdúrà, òun náà sì ni oníwàásù fi ń bá ọmọdé àti àgbà sọ̀rọ̀; ṣùgbọ́n bí ọmọ àdúgbò wọ̀nyí bá gbọ́ ìpè láti di ìránṣẹ́ Ọlọ́run, tí ó sì fẹ́ kàwé débi tí yóò fi gba oyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ Ìwé Mímọ́, èdè Faransé ni wọn yóò fi kọ́ ọ láti ọjọ́ tí ó bá wọlé títí di ọjọ́ tí ó bá jáde. Faransé ni yóò fi kọ́ Hébérù, òun ni yóò fi kọ́ Gíríkì, òun ni yóò fi dáhùn ìbéèrè ìdánwò; nígbà tí ó bá sì padà wálé, tí ó dìde láti wàásù, ìyá arúgbó tí kò gbọ́ Faransé kan ni yóò jókòó síwájú rẹ̀, tí yóò máa retí ọ̀rọ̀ ìyè lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tí ń lọ kọ́ iṣẹ́ òjíṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ Hébérù àti Gíríkì ní àmọ̀dunjú, ó sì yẹ kí Yorùbá di ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọn fi ń kẹ́kọ̀ọ́, tí wọn fi ń jiyàn, tí a sì fi ń dán wọn wò kí wọ́n tó gboyè.

Kì í ṣe ọ̀nà àjèjì ni mo ń júwe. Ẹni tí ó la ọ̀nà yìí fún gbogbo ọmọ Odùduwà ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí ogun kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún kejì rẹ̀, tí wọ́n sì mú lọ sí Freetown. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́; wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London ní 1843, wọ́n sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹni yìí, tí ó kọ́ Gíríkì, tí ó sì ti ọwọ́ òyìnbó gba gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò jẹ́ kí èdè ìyá rẹ̀ di ohun ẹ̀yìnkùlé. Ní 1843 kan náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ó ń kó òwe àwọn àgbà jọ bí ẹni ń kó wúrà. Ní 1850 ni ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde ní Yorùbá láti ọwọ́ rẹ̀. Òun àti àwọn bíi Thomas King sì ṣe iṣẹ́ náà débi pé odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Àjàyí ṣe; ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì fà sáàárín wa nínú àdéhùn wọn ti 1889 kò dí Bíbélì náà lọ́nà àtidé ọ̀dọ̀ wa.

Ní apá tiwa, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tí baba rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀ tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọba Gezo ní Abomey ní 1843. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ dé Àjàṣẹ́ tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, ó sì hàn sí gbogbo ènìyàn pé kò lè dúró lórí àlejò nìkan. Ìdí nìyẹn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Geoffrey Parrinder, tí ó dé Dahomey, ilẹ̀ wa tí à ń pè ní Benin lónìí, ní 1933. Ní 1949 ni ó kọjá sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú, láti kọ́ni nípa ẹ̀sìn. Ní 1956 ni ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Kétu sì jáde. Bí àlejò bá lè ka ìtàn Alákétu sí ohun tí ó tó kọ sínú odindi ìwé, báwo ni àwa onílé yóò ṣe ka èdè Kétu, ti Pobẹ̀ àti ti Sakété sí ohun tí kò yẹ ní iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́?

Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ kò wọ́n wa. Yunifásítì Pùròtẹ́sítáǹtì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní Àjàṣẹ́ àti ní Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò. Àwọn Kátólíìkì ti ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà wọn, Saint-Gall, ní Ouidah láti 1914. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ìlú méjèèjì tí yunifásítì yẹn wà: ní Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ Yorùbá kún ọjà àti àdúgbò; ní Atakpamé, àwọn Ifẹ̀ tí a ń pè ní Àná, ọmọ ìyá wa, ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde kúrò nínú kíláàsì ní ìlú méjèèjì, yóò bá èdè wa pàdé kí ó tó rìn jìnnà. Inú kíláàsì nìkan ni kò ti ní bá a.

Èmi kò kórìíra Faransé. Òun ni ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ìwé fún wa, òun ni ọmọ wa sì fi ń bá ará Ivory Coast tàbí ará Kamẹrúùnù sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé Orin Dáfídì àti ìwé Òwe. Ọ̀nà tí àwọn akéwì Hébérù ń gbà sọ̀rọ̀ ni pé wọn yóò sọ gbólóhùn kan, wọn yóò sì fi òmíràn gbè é lẹ́sẹ̀, yálà kí ìkejì tún ìkíní wí lọ́nà tí ó túbọ̀ jinlẹ̀, tàbí kí ó dojú kọ ọ́, kí àwọn méjèèjì sì pé. Ta ni ìró yìí ìbá tún tètè yé ju ọmọ tí ìyá àgbà fi oríkì jí láàárọ̀, tí ó sì ti ń gbọ́ láti kékeré pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè? Ọmọ Pobẹ̀ tí a fi Faransé nìkan kọ́ ní Hébérù yóò kọ́ ìlànà yìí há sórí bí òfin; bí a bá fi Yorùbá kọ́ ọ, yóò bá a nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Òwe yẹn gan-an sì ni àtúnṣe tí mo ń wá: ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ Hébérù nílò àgbà tí ó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, àgbà náà sì nílò ọ̀dọ́ yìí.

Mo mọ̀ pé àwọn onígbàgbọ́ tòótọ́ wà tí yóò wí pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni olùkọ́, pé apẹja ni Pétérù, pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni Samuel Biléhou Oschoffa kí ó tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí Ọlọ́run, Ọba a-wí-bẹ́ẹ̀-ṣe-bẹ́ẹ̀, ni í pe ènìyàn, ilé-ìwé kì í pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Pétérù tí a ń tọ́ka sí ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì ní sínágọ́gù láti kékeré, Olúwa tìkára rẹ̀ ni ó sì tún kọ́ ọ. Ohun tí ó bá nílé ni àwa ní láti wá lọ sí ọ̀nà jíjìn. Pọ́ọ̀lù jókòó lẹ́sẹ̀ Gàmálíẹ́lì. Àpólò, ẹni tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, kò kà á sí àbùkù pé Pírísílà àti Ákúílà mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì tún ọ̀nà Ọlọ́run là yé e. Nígbà Ẹ́sírà, àwọn ọmọ Léfì kò kàn ka ìwé òfin sétí àwọn ènìyàn. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ títí ó fi yé wọn. Bí ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹni tí kò mọ ibi tí ẹsẹ kan ti wá, tí kò mọ ẹni tí a kọ ọ́ sí àti ìdí tí a fi kọ ọ́, lè fi ẹsẹ náà tú ilé onílé ká, ó lè fi í lé aláìsàn kúrò ní ilé ìwòsàn, ó lè fi í pe ìyá arúgbó aláìṣẹ̀ ní àjẹ́. Iná Ẹ̀mí kò sọ pé kí a má mọ̀wé. Ìmọ̀ ìwé ni kì í jẹ́ kí a fi iná yẹn jó ilé ọmọnìkejì wa.

Kí ni kí a ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fi ẹ̀kọ́ kan kún ọdún mẹ́ta tí a fi ń gba licence, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa ka ẹsẹ ní Hébérù tàbí ní Gíríkì, tí yóò sì máa ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Kí ó má sì gboyè láìjẹ́ pé ó wàásù ní Yorùbá níwájú àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ yé. Lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn ìjọ tí ó wà ní Sakété, Pobẹ̀, Ìfọ̀nyìn, Kétu àti Adja-Ouèrè, láìka ẹ̀ka ìjọ sí, dá owó jọ láti rán àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, nítorí Pírísílà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan obìnrin ni. Owó ẹni kan kò lè ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a na ọwọ́ sí àwọn ará wa ní òdìkejì ààlà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà láti 1898, Immanuel College sì ti wà ní Ìbàdàn láti 1958. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ tiwọn, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ tiwa. Bí olùkọ́ láti Ìbàdàn àti olùkọ́ láti Àjàṣẹ́ bá jókòó láti ka ìwé Aísáyà pọ̀, èdè wo ni yóò so wọ́n pọ̀ bí kò ṣe Yorùbá?

Àìrìn pọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin olórí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti sọ pé Ọlọ́run pe òun, ẹ má jẹ́ kí a máa rán ọmọ lọ kọ́ èdè àwọn wòlíì, kí ó padà wá di ẹni tí àwọn tirẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé. Àjàyí Crowther ti fi hàn wá láti ìgbà tí kò sí yunifásítì kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá pé ènìyàn kan lè mọ Gíríkì kí ó sì mọ òwe. Àwa tí a ní yunifásítì ní Àjàṣẹ́ kò ní àwáwí kankan láti ṣe ohun tí ó kéré ju èyí tí ó ṣe lọ.