Kí A Ṣe Ìlẹ̀kẹ̀ Òòfà Tiwa ní Àbújá

Kò sí ẹni tí ó gbé Àbújá ní ọdún 2020 tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rọ́ ìtàn ìyà náà fún: ilé àyẹ̀wò àgbà NCDC, àjọ tí ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, wà ní Gaduwa, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ dúró tì í, ṣùgbọ́n èròjà tí a fi ń yọ RNA, ohun àbùdá kòkòrò Kòrónà, kúrò nínú ikun aláìsàn wọ́n bí ojú. Ọ̀kan nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ òòfà, ike róbótó tí ó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ, tí ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀, tí a sì fi sílíkà bò lára; bí iyọ̀ tí ó yẹ bá wà nínú omi, RNA a lẹ̀ mọ́ ọn, òòfà a fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, a ó fi ẹtánọ́ọ̀lù ṣan èérí dànù, omi mímọ́ a sì tú RNA sílẹ̀.

Ohun tí ó ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wí pé kí a máa rà á lókè òkun, pé ó dínwó, pé iṣẹ́ náà sì ju agbára wa lọ. Ó dínwó kẹ̀! Èló ni owó ohun tí a mú owó lọ́wọ́ tí a kò rí rà, nígbà tí gbogbo ayé ń du ọjà kan ṣoṣo? Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ní ti agbára, àwọn onímọ̀ ti fìgbà kan gbà pé àfi lójú òfuurufú, níbi tí nǹkan kì í ti í wúwo, ni a ti lè ṣe irú ìlẹ̀kẹ̀ ike bẹ́ẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, títí onímọ̀ kẹ́míkà John Ugelstad fi ṣe é lórí ilẹ̀ ní Trondheim ní 1976, ní Nọ́wè, orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ kò tó ti Èkó títí di òní. Lẹ́yìn náà ni ó fi irin sínú ihò wọn. Ṣé àwa, tí a ń ki Ògún ní Lákáayé, ni irin yóò wá di àdììtú fún? Ní Taruga, nínú agbègbè Àbújá yìí gan-an, ni a ti hú iléru tí àwọn ará àtijọ́ fi ń yọ́ irin, èyí tí ó ti lé ní 2,000 ọdún!

Kí SHESTCO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà ní Sheda, gba iṣẹ́ ṣíṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà, kí NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn tí ó wà ní Idu, sì máa dán an wò, nítorí kò yẹ kí ẹni tí ó ṣe nǹkan jẹ́ adájọ́ rẹ̀: kí wọ́n fi máíkíróskóòpù wò ó bí ó bá dọ́gba, kí wọ́n wo bí òòfà ti ń yára kó o tó, kí wọ́n sì fi RNA tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán tiwa àti tòkè òkun wò pọ̀, láìjẹ́ kí ẹni tí ń dán an wò mọ èwo ni èwo. Kí ìjọba kọ ìwé àdéhùn pé òun yóò ra èyí tí ó bá yege, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí kò ní oníbàárà kì í kúrò lórí tábìlì olùwádìí. Kí iná má máa kú. Kí omi mímọ́ wà. Kí a dín owó ibodè kù lórí kẹ́míkà. Kí a sanwó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ lásìkò.

Kì í sì í ṣe Kòrónà nìkan: ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, ń padà wá lọ́dọọdún, kì í sì í dúró de ọkọ̀ òfuurufú tí yóò kó èròjà wá. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ fi owó iṣẹ́ yìí sínú ètò ìnáwó tí ń bọ̀.