Orúnkún ọmọ yẹn kò dọ̀tí

Ẹ̀yin ìyá wa ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́! Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ ọmọ gbẹ tó sì ṣú, ẹ ó mú kànrìnkàn, ẹ ó máa ha á bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò. Ìdọ̀tí kọ́! Awọ tó gbẹ, tí a fi ń kúnlẹ̀, á nípọn, á sì ṣú. Bí ẹ ṣe ń ha á tó ni yóò máa dúdú sí i. Mo ń rí ọmọbìnrin ní kíláàsì tí kò lè kúnlẹ̀ kíni mọ́ nítorí orúnkún tó bó.

Ìpara àpòpọ̀ inú ike tí kò lórúkọ ló wá burú jù. Hydroquinone ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ wọn, cortisone náà ń bẹ níbẹ̀. Cortisone á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fi í pa ojú làpálàpá, á kọ́kọ́ dà bíi pé ó ti lọ, lẹ́yìn náà á tàn ká. Hydroquinone tó bá pẹ́ lára lè fi àbàwọ́n dúdú bíi aró sílẹ̀, èyí tí ọṣẹ kankan kò lè fọ̀ kúrò.

Òrí ń bẹ ní Ṣábẹ, ẹ lọ ń fowó ra májèlé! Ẹ fi òrí pa ọmọ lára kété tó bá wẹ̀ tán, kí omi tó gbẹ. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọrùn ló ṣú, tó nípọn bí aṣọ àrán, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń po ìpara tà, ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sára ike, ká rí i kà.