Òfin Tó Fo Òṣìṣẹ́ Sọ́míìlì Dá

Ní Jámánì, owó ọ̀yà tó kéré jù lábẹ́ òfin lọ́dún 2025 jẹ́ yúrò 12.82 fún wákàtí kan. Ní Nàìjíríà, ₦70,000 lóṣù ni òfin ọdún 2024 fọwọ́ sí. Àwọn tó ń fi owó òṣìṣẹ́ sọ́míìlì wéra láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì sábà máa ń ṣẹ́ náírà sí yúrò, wọ́n á sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tó burú jù kò sí nínú ìṣirò yẹn. Òfin wa yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní ìwọ̀n iṣẹ́ tó bá ṣe. Irú wọn ló sì kún sọ́míìlì àti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa! ₦70,000 yẹn gan-an kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹni tó ń ti gẹdú sẹ́nu ayùn.

Òótọ́ ni pé ilé gbígbé àti oúnjẹ wọ́n ní Jámánì ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n bí ayùn bá gé òṣìṣẹ́ níka níbẹ̀, ìbánigbófò tí agbanisíṣẹ́ san ni yóò tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan á ní bí owó ọ̀yà bá lọ sókè, pákó wa yóò kùtà. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná tí kò dúró, dísù tó wọ́n àti pákó tí a kò gbẹ dáadáa ló ń jẹ èrè ọjà wa. Kí àwọn aṣòfin pa ààlà òṣìṣẹ́ 25 yẹn rẹ́.