Ẹyẹ Aláwọ̀ Aró Nígbà Ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí àwọn ìlú bíi Osi, Iloffa àti Odo-Owa ní Nàìjíríà, ó máa ń rọrùn láti rí ẹyẹ ju ìgbà òjò lọ. Ewé ti wọ́ dànù lórí ọ̀pọ̀ igi, koríko ti gbẹ, omi sì ti di ohun àwátì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ lè rí ẹyẹ méjì tí àwọ̀ wọn dà bí aró. Àlejò ni ọ̀kan, onílé ni èkejì.

Àlejò ni ó tóbi. Abyssinian roller ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyẹlé. Orí àti ikùn rẹ̀ jẹ́ búlúù títàn, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí àwọ̀ amọ̀ pupa. Èyí tó ti dàgbà nínú wọn ní ìyẹ́ méjì gígùn, tín-ín-rín, tó yọ kúrò nínú ìrù. Orí wáyà iná tàbí igi gbígbẹ ni ó máa ń bà sí, tí yóò máa wo ilẹ̀. Bí ó bá rí tata, yóò já ṣòòròṣò lù ú, yóò gbé e, yóò sì padà síbi tó wà.

Kí ló gbé e wá? Apá òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ń gbẹ lọ sí etí aṣálẹ̀ Sàhárà, ni ó ti ń yé tó sì ń pa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú níbẹ̀, kòkòrò a dín kù, ẹyẹ náà a sì máa tẹ̀lé oúnjẹ bọ̀ lápá ìsàlẹ̀. Iná tí a fi ń sun igbó tún ń pèsè fún un. Bí iná ṣe ń jó bọ̀, tata ń fò jáde, ẹyẹ yìí a sì ti dúró dè wọ́n níwájú èéfín. Àwòdì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ti rí i. Èmi ò fi èyí yin igbó sísun o, nítorí iná kan náà ló ń jó ìtẹ́ àwọn ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀.

Onílé kéré gan-an. Láti ẹnu dé ìrù, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ. Red-cheeked cordon-bleu ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Àyà àti ìrù rẹ̀ jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ jọ erùpẹ̀. Akọ ní àmì pupa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, abo kò ní. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa èso koríko jẹ, tọkọtaya, nítòsí ilé ìdáná àti ibi tí a ti ń fẹ́ ọkà. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ ilé agbọ́n gan-an ni wọ́n ń kọ́ ìtẹ́ sí, kí agbọ́n lè máa bá wọn lé ọ̀tá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa àwọn méjèèjì ni pé kò sí aró kankan nínú ìyẹ́ wọn. Irú ohun tó di èékánná wa ni a fi ṣe ìyẹ́ ẹyẹ. Nínú ìyẹ́ búlúù, ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké ló kún ibẹ̀, ojú lásán kò lè rí wọn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní gbogbo àwọ̀ tí à ń rí lára òṣùmàrè nínú. Bí ó bá kan àwọn ihò wọ̀nyí, búlúù ni wọ́n ń ta padà sójú wa. Ohun dúdú tó wà lábẹ́ wọn a sì gba ìyókù mọ́ra. Bí a bá rẹ àdìrẹ tuntun sómi, aró rẹ̀ a máa ṣàn. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ ìyẹ́ búlúù kúnná, búlúù náà a pòórá, nítorí pé a ti fọ́ àwọn ihò náà. Bákan náà ni ti bluebird, ẹyẹ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kan àpótí fún ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ti àlùkò yàtọ̀: pupa tó wà ní apá rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ gidi, bàbà sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ló ń mú búlúù náà wá, ibi tí o dúró sí ṣe pàtàkì. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, dúdú lásán ni wàá rí. Jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn tìrẹ, kí o sì dúró dìgbà tí ẹyẹ náà bá na apá. Bí eruku ọyẹ́ bá ṣú jù, fi dọ̀la. Kí àwọn ẹyẹ lè rí omi mu, bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, gbé e síbi tí ológbò kò lè lúgọ sí, kí o sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kọ ọjọ́, ìlú àti ohun tí ẹyẹ náà ń ṣe sílẹ̀. Àwọn kan wà tí ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ káàkiri Nàìjíríà, Nigerian Bird Atlas Project ni iṣẹ́ wọn ń jẹ́. Wọ́n pín ilẹ̀ wa sí àwọn igun kéékèèké, nǹkan bíi kìlómítà 9 ní gígùn àti ní ìbú. Olùyọ̀ǹda a máa fi ó kéré tán wákàtí méjì wo ẹyẹ nínú igun kan, a sì kọ orúkọ gbogbo èyí tó bá rí. Ẹni tó ń gbé Iloffa lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.