Ọmọ Awo Tó Fẹ́ Kọ́ Sáíkọ́lọ́jì



Bí ọmọ kan nínú ilé awo bá ní sáíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, lòun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, àwọn òbí mìíràn a máa kọminú. Wọ́n ní bó bá padà wálé, yóò máa pe Orí àti Ifá ní ìtàn lásán. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Babaláwo ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, síbẹ̀ ó jẹ́ gíwá yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989. Ìwé kò gba ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀. Ẹni tó wá dífá kì í sábà sọ ẹdùn ọkàn rẹ̀ fún awo. Owó ló ń sọ ọ́ sí jẹ́jẹ́, Ifá ni yóò tú u. Onísáíkọ́lọ́jì ní tirẹ̀ a béèrè, a gbọ́, a sì wádìí. Ṣùgbọ́n ẹni kan náà ló jókòó níwájú àwọn méjèèjì: ẹni tí oorun ò kùn, tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta. Ní 1954, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró: àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Kò fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn.

Àmọ́ ká sọ òdodo síra wa. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Àwọn kan ṣì ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn, wọ́n ń fi pàṣán nà án, wọ́n ní ìtọ́jú ìbílẹ̀ ni. Ìyẹn kì í ṣe Ifá, ìkà ni. Ọmọ tiwa tó kàwé nípa rẹ̀ ló lè bá wa wí tí a ó gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ jẹ́ kó mọ ìgbà tó yẹ ká tètè gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, kó sì wá kọ́ àwa náà. Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ Yorùbá nípa ọkàn èèyàn láìmẹ́nu ba Orí àti ìwà.

Ire o.