Ta Ni Ń Yan Olórin fún Wa?

Ní ọdún 1948, Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kọrin sínú àwo fún His Master's Voice, ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọba ìlú rẹ̀, Orímolúṣì Adébóyè, ni ó fi orin náà yìn. Àwo náà kò tà. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà nìkan ni adájọ́, ọ̀rọ̀ Haruna ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé àpàlà rẹ̀ kiri láti òde ìnáwó kan dé èkejì. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lónìí a sọ fún ẹni tí yóò ṣe òkú àgbà lọ́la. Nígbà tí ó tún orin náà kọ sínú àwo ní ọdún 1955, lẹ́yìn tí ọba náà ti wàjà, tọwọ́tẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi gbà á.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024. Spotify, ilé orin orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará Sweden dá sílẹ̀, tí ó sì wọ Nàìjíríà ní ọdún 2021, pàṣẹ pé orin èyíkéyìí tí a kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní gba kọ́bọ̀. Owó tí ìbá jẹ́ ti orin bẹ́ẹ̀ a máa lọ sínú àpò tí a fi ń san ti àwọn tí ó kọjá ìwọ̀n. Wọ́n ní owó náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í dé ọwọ́ olórin, àti pé àwọn fẹ́ dènà àwọn oníjìbìtì. Àwíjàre wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀ kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ léèrè: àwo Haruna ti ọdún 1948, ìhà wo ni ìbá bọ́ sí?

Kí a má ṣe bí ẹni pé ayé àtijọ́ kò ní àléébù. Àwọn òyìnbó ni ó ni ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ àwo nígbà náà, àwọn ni ó sì ń sọ ẹni tí yóò wọlé. Nítorí èyí ni Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dairo fi da owó pọ̀ ní ọdún 1969, tí wọ́n dá STAR Records sílẹ̀ kí olórin lè ni ohùn ara rẹ̀. A sì mọ̀ pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mìíràn wà lórí rédíò tí kì í gbé àwo olórin sí i bí olórin kò bá mú nǹkan dání. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí owó kò lè dí. Ní oṣù ààwẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi wéré jí àwọn Mùsùlùmí sí sàárì, ẹgbẹ́ a sì máa bá ẹgbẹ́ díje. Láti inú wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde, tí fújì sì ti jáde pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn adúgbò tí ó gbọ́ èdè olórin ni ó ṣe adájọ́.

Lóde òní, ọ̀nà titun ti là. Ní ọdún 2018, Rema, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú Benin, kọrin lé orin D'Prince lórí, ó sì fi í sórí Instagram. D'Prince gbọ́ ọ, ó pè é wá sí Èkó. Ní ọdún 2023, «Calm Down» tí òun àti Selena Gomez jọ kọ dé ipò kẹta nínú ìwé ìdíyelé orin Billboard ní Amẹ́ríkà. Lórí Instagram kan náà ni Don Jazzy ti rí Ayra Starr, ọmọbìnrin tí a bí ní Kútọnu. «Love Nwantiti» ti CKay jáde ní ọdún 2019. Ní ọdún 2021 ni àwọn ọ̀dọ́ gbogbo ayé tó gbé e káàkiri lórí TikTok.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Etí ènìyàn ni ó gbọ́ Rema, etí ènìyàn ni ó sì gbọ́ Ayra Starr. Íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀nà fún wọn, kì í ṣe adájọ́. Ìyọnu tiwa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fi ọ̀nà jẹ adájọ́.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń dájọ́? Kì í gbọ́ orin bí a ti ń gbọ́ ọ. Ìṣesí olùgbọ́ ni ó ń kà. Lórí Spotify, ẹni tí ó bá pa orin kí ìṣẹ́jú-àáyá 30 tó pé, a kò kà á sí ẹni tí ó gbọ́. Ẹni tí ó bá sì ti fẹ́ràn orin kan, irú rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò tún gbé fún un. Láti inú èyí ni ìpalára mẹ́ta ti jáde.

Èkínní, orin tí ó bá fi sùúrù bẹ̀rẹ̀ wà nínú ewu. Gìtá jùjú tí ń ṣe àgbékalẹ̀, dùndún tí ń kì ènìyàn kí ohùn tó wọlé, gbogbo ìwọ̀nyí ń jẹ ìṣẹ́jú-àáyá. Èkejì, ẹ̀rọ ń tẹ̀lé èrò. Ọmọ tí ó bá ń kọrin ní èdè Tiv tàbí Núpé ní olùgbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó láti fa ojú ẹ̀rọ mọ́ra. Ẹ̀kẹta, owó oṣooṣù tí ará Èkó ń san kéré sí ti ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù, nítorí náà ìgbọ́ tiwa kò pa owó tó tiwọn. Olórin tí ó gbọ́n yóò kọ́ láti kọrin sí etí Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí ó tó kọ ọ́ sí etí ìyá rẹ̀. Spotify kéde pé ní ọdún 2024 àwọn olórin Nàìjíríà rí owó tí ó ju bílíọ̀nù 58 náírà lọ lọ́dọ̀ àwọn. Owó ńlá ni, a kò sì ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ kì í sọ fún ni bí a ti pín in.

Ẹ jẹ́ kí a wo aládùúgbò wa. Ní ọdún 2016, rédíò ìlú Natitingou, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, kéde pé ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ kọ́ orin kí ó wá, ọ̀fẹ́ ni. Láti ibẹ̀ ni Star Feminine Band ti jáde, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kékeré tí ń lu ìlù, tí ń ta gìtá, tí wọ́n sì ń kọrin ní èdè Waama, Ditammari, Bàrìbá àti Faransé. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Faransé kan ni ó gbé e jáde. Rédíò ilé ni ó rí wọn; ará òkèèrè ni ó tà wọ́n. Ìdajì iṣẹ́ ni a mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí ilé-iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún olórin tí kò tíì gbajúmọ̀, ní èdè àgbègbè rẹ̀, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú orin kan wá láti ọ̀dọ̀ olórin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Kí ó sọ ohun tí orin náà ń wí, irú ìlù tí ó wà nínú rẹ̀, àti ìdí tí ó fi yàn án. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí òun fi fẹ́ràn nǹkan, ó ṣòro fún ẹ̀rọ láti yàn fún un. Àwa olùgbọ́ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí a máa fi orúkọ wá olórin, kí a gbọ́ ọ parí, kí a sì sọ fún ẹlòmíràn.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi. Ẹ gbọ́ «Arike» ti Kunmie, tí ó jáde ní ọdún 2025: orin ìfẹ́ tí a fi oríkì obìnrin Yorùbá sọ lórúkọ, tí kò sì kánjú. Ẹ gbọ́ «Homeless» ti Llona, àwo ọdún 2024, tí ó bèèrè ibi tí ènìyàn lè pè ní ilé. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹni àìmọ̀ mọ́. Ẹ fi wọ́n ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wá àwọn tí èmi kò tíì gbọ́.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ rè òde. Orílẹ̀-èdè tí ó bá gba òmìnira, tí ó sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti máa darí, iṣẹ́ ṣì kù fún un láti ṣe. Haruna kan wà ní àdúgbò yín lónìí tí àwo rẹ̀ kò tà. Ẹ lọ gbọ́ ọ.